Alàájì Jímọ̀ Gbádéró, Awọnlẹ̀ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Oòrùn Ṣáájú Wọn Dé Ìdí Èèkàn

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1952, ni a bí Alàájì Jímọ̀ Àjàní Gbádéró sí ìlú Tamale ní ilẹ̀ Gánà. Bàbá wọn ni Nuru Gbádéró, oníṣòwò aṣọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá wọn ni Bàlíkíìsì Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìkòyí.

Ní ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde. Ẹbí wọn gba ọ̀nà àríwá wá sí Ouagadougou níhìn-ín, olú ìlú ilẹ̀ tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, ẹ̀kọ́ ilé ìwé Jímọ̀ sì dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni fífa ṣéènì ìwọnlẹ̀ fún búrò àwọn awọnlẹ̀ kan ní àdúgbò Zone du Bois. Láti ọdún 1973 títí di 1976, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Paris ń fi ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn nínú àpòòwé. Ẹ̀yìn àpòòwé yẹn kan náà ni wọ́n ti ń ṣe ìṣirò, kí bébà má baà ṣòfò. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí láì rí ojú olùkọ́ kankan.

Ní ọdún 1979, wọ́n fẹ́ Ọlárónkẹ́, ọmọ oníṣòwò ẹ̀yà ara mọ́tò ní àdúgbò Patte d'Oie. A kò ní purọ́ mọ́ òkú: ní ìgbà náà, Alàájì fẹ́ràn oorun òwúrọ̀. Ìyàwó wọn a máa jí wọn lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, búrò rán wọn lọ kan èèkàn ààlà ní àdúgbò Pissy. Aago mẹ́fà ni ó yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Aago mọ́kànlá ni wọ́n dé. Ẹni tí ó bá mọ ooru oṣù kẹrin ní ìlú yìí mọ̀ pé ní àkókò bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n lórí ilẹ̀, ọ̀pá ìwọ̀n á sì máa jó nínú awò ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀. Bí awọnlẹ̀ bá ṣi ọ̀pá kà ní sẹ̀ǹtímítà kan péré, mítà kan ni yóò fi ṣìnà lórí ilẹ̀, nítorí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni awò náà fi ń ṣírò jíjìn. Alàájì kà á bẹ́ẹ̀, wọ́n kan èèkàn, wọ́n relé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n padà lọ wọn ilẹ̀ kejì ní ìdájí, wọ́n sì rí i pé èèkàn àwọn ti fi mítà kan wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ní orí ààlà tí ó ṣìnà náà, Màmá Haoua, opó tí ń fi ọwọ́ fọ́ òkúta ní Pissy, ti mọ ògiri dé ojú fèrèsé.

Ọ̀gá búrò ní, "Jímọ̀, pa ẹnu dé. Ta ni yóò tún un wọ̀n?"

Alàájì ní, "Èmi ti tún un wọ̀n."

Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́, ọmọ méjì sì wà nílé. Wọ́n gun moto, alùpùpù wọn, lọ sí Pissy, wọ́n sì jẹ́wọ́. Màmá Haoua kò pariwo. Ìbéèrè kan ni ó ti ẹnu wọn jáde ní èdè Mooré: "Aago mélòó lẹ dé síbí lọ́jọ́ náà?"

"Aago mọ́kànlá."

"Ṣé ẹ rí i? Èmi ti wà nídìí òkúta láti aago márùn-ún."

Alàájì sọ fún wa títí ọjọ́ alẹ́ wọn pé kò sí pàṣán tí ó ta àwọn tó bẹ́ẹ̀.

Búrò dá wọn dúró fún ọdún kan. Nínú ọdún náà, àwọn àti Síkírù àbúrò wọn, tí í ṣe bíríkìlà, tú ògiri náà ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan láì fọ́ èyí tó dára, wọ́n sì tún un mọ sí ààyè rẹ̀. Aago márùn-ún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́. Màmá Haoua a gba ibẹ̀ kọjá lọ sídìí òkúta, wọn a wo ògiri náà, wọn a sì máa lọ. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Màmá ní, "Barka," ìyẹn ẹ ṣé ní èdè Mooré. Ó tán.

Láti ọdún 1987 tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2014, ètò kan ṣoṣo ni Alàájì mọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, moto wọn ti wà lójú ọ̀nà. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ti kan èèkàn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ojú wọn kì í kan awò mọ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán sí márùn-ún ni ìṣirò. Àwọn oníbúrẹ́dì Patte d'Oie a máa sọ pé, "Jímọ̀ ti kọjá," kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn.

Ní 2009, Abdoul Razak, awọnlẹ̀ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, gbé ẹ̀rọ tuntun tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ dé. Ó ní, "Alàájì, eléyìí ò bẹ̀rù oòrùn o. Ká máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ṣé ẹ gbà, d'accord?"

Alàájì ní, "Ẹ̀rọ ò bẹ̀rù oòrùn, ìwọ tó gbé e lo ń bẹ̀rù ìdájí."

Abdoul Razak ti di ọ̀gá búrò lónìí. Aago mẹ́fà ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun náà ń bẹ̀rẹ̀.

Alàájì lọ sí Mẹ́kà ní 2004. Àwọn ni wọ́n wọn ilẹ̀ mọ́sálásí àwa Yorùbá láì gba nǹkan kan.

Alàájì dágbére fáyé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 2025. Wọ́n fi Hájíà Ọlárónkẹ́ sílẹ̀, àti Síkírù àbúrò wọn, pẹ̀lú Moubarak, Rukia àti Khalid, àwọn ọmọ wọn, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Moubarak ṣí ilẹ̀kùn, ó bá Màmá Haoua, arúgbó kùjọ́kùjọ́, lórí àga ní ẹnu ọ̀nà. Màmá ní, "Aago mélòó lẹ ó gbé e lọ sin?" Moubarak ní aago mẹ́sàn-án. Màmá ní, "Ó ti pẹ́ jù fún un."

Aago méje ni a sin ín.

Àjàní, ilẹ̀ tutù nígbà tí o wọlé, oòrùn kò bá ọ níta. Kí Ọlọ́run fẹ ibojì rẹ kọjá ibi tí èèkàn lè dé. Sinmi ire o, iṣẹ́ òwúrọ̀ ti parí.