Jẹ́ Kí N Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kan Ẹ́ńjìnnì Náà

Àkọ́bí mi, kọ̀ndọ́ mi ìgbà kan,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú àtijọ́. Ìyá rẹ kí ọ, àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ kí ọ, lọ́rí wa náà ìbá kí ọ bí bátìrì rẹ̀ bá lágbára láàárọ̀ yìí. Ara wa le, àfi orúnkún mi òsì tí mo fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun ló máa ń sọ fún mi báyìí tí òjò bá ń bọ̀. Àdúrà mi ni pé kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀, kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ má fi ẹ̀rín bo ìkà mọ́lẹ̀, kí o sì máa rí oúnjẹ jẹ kí o tó jáde. Àmín.

Òrùlé tó ń jò lápá ibi ìdáná ti dẹ́kun jíjò, nítorí pé òjò dẹ́kun. Ewúrẹ́ dúdú ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ò fẹ́ rí mi sójú, mi ò sì mọ ohun tí mo fi ṣe é. Mẹkáníìkì wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ó-Ku-Díẹ̀ ṣì ń tún ọkọ̀ alápatà ṣe, ó ti di ọdún kẹta báyìí, ìgbàkigbà tí alápatà bá sì lọ béèrè ọkọ̀ rẹ̀, á ní ó ku díẹ̀. Fi orúkọ yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Lẹ́tà rẹ dé. Ìyá oníkọ̀ǹpútà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ jáde fún wa látinú fóònù, ó sì kà á fún èmi àti ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní kí n ta lọ́rí wa fún onípákó tó ti ń wojú mi nítorí rẹ̀, kí n fi owó náà ránṣẹ́ kó tó di Sátidé, kí o lè fi ra ìpín fún mi ní ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ máa ṣe lọ́rí oníbátìrì àti lọ́rí tó ń lo háídrójìn. O ní ayé ti ń kúrò lórí dísẹ́ẹ̀lì. O ní ilé-iṣẹ́ náà ti bá ilé-iṣẹ́ ńlá márùn-ún ṣe àjọṣepọ̀, àti pé ẹni tó bá tètè wọlé ló máa jèrè. Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o mọ bàbá rẹ, mi ò ra ọkọ̀ tí mi ò fọwọ́ kàn rí.

Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ ra lọ́rí yìí. A dé ilé ẹni tó ń tà á kí ó tó fọ ojú, mo ṣí bóńẹ́ẹ̀tì, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí n tó kí i pé ẹ kú àárọ̀. O bi mí léèrè nígbà náà pé kí ló dé, mo ní bí a bá bá ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná lójú oorun, a jẹ́ pé ẹni náà ti jí lọ bá a jà, ó ti tì í, ó ti bẹ̀ ẹ́, kó lè jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú ẹni tó mówó wá. Èyí tó tutù kì í purọ́. Bó bá máa jí, á jí lójú rẹ, bí kò bá ní jí, o ti rí i.

Nítorí náà mo ní kí ìyá oníkọ̀ǹpútà bá mi wá ibi tí lọ́rí oníbátìrì yẹn ń sùn sí, kí n lè wọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Ó wá a títí, ó ní lọ́rí náà ò tíì jáde, àwòrán ló wà. Mo ní kó jẹ́ kí n rí àwòrán. Mo wò ó dáadáa, mo sì gbà pé ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí òkúta kan báyìí tó há sójú táyà, ibi tí awakọ̀ ń tẹ̀ gòkè ò ní àpá bàtà, gíláàsì iwájú dúdú débi pé èèyàn ò lè mọ̀ bóyá àga wà nínú rẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n ti fi í kó ẹrù rí, ó ní wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n má dá a lẹ́jọ́, bóyá ìyàwó ọ̀ṣìngín ni, wọn ò tíì jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, bá mi bi wọ́n pé apá ibo lára lọ́rí ni ìpín tèmi máa bọ́ sí. Bó bá jẹ́ táyà, mo fara mọ́ ọn, torí èèyàn lè rí ẹni yá táyà. Bó bá jẹ́ wáyà inú, kí wọ́n fún ẹlòmíì. Má sì jẹ́ kí wọ́n fún mi ní fèrèsé.

Ti háídrójìn yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ nílé. Ìyá oníkọ̀ǹpútà ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ kan ni tí wọ́n lè yọ lára omi, wọ́n á wá rọ ọ́ sínú ọkọ̀, ohun tí yóò sì máa jáde nídìí ọkọ̀ dípò èéfín, omi náà ni. Ìyá rẹ wá béèrè pé bó bá jẹ́ omi ló wọlé, tó sì jẹ́ omi ló jáde, kí ni wọ́n wá ń gbowó lé lórí láàárín. Ó tún ní bí ẹ̀rùn bá dé, ṣé àwa àti lọ́rí la ó jọ máa tò sídìí kànga. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bo àwọn ike omi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjọṣepọ̀ ló wá kọ mí lóminú jù. Mo ní kí ìyá oníkọ̀ǹpútà ka àwọn márààrún fún mi níkọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ kan ló máa ṣe ẹ́ńjìnnì, òmíràn ló máa ṣe bátìrì, ẹ̀kẹta ló máa gbé háídrójìn wá, ẹ̀kẹrin ló máa to ọkọ̀ pọ̀, ẹ̀karùn-ún ló máa rà á. Mo ní ó dáa, tiwọn ńkọ́, kí ni àwọn fúnra wọn mú wá. Ó wá a, kò rí i. Ẹni tó yá iyọ̀ lọ́dọ̀ ará ilé, tó yá ata, tó yá ìkòkò, tó tún ní kí a bá òun dá iná, ọmọ mi, ẹnu ni onítọ̀hún mú wá sídìí ọbẹ̀. Ìyá oníkọ̀ǹpútà tún ka ìsàlẹ̀ ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wínńwínńwín kọ ọ́ sí, pé ohun tí wọ́n fọwọ́ sí jọ ni pé àwọn ti ṣe àdéhùn láti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn, àti pé ẹni tó bá wù ú lè jáde láìsí ìbínú. Èmi àti onípákó ti wà nínú irú àjọṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, lójoojúmọ́ ló ń kí mi pé òun máa ra lọ́rí. Wọ́n ní ọkọ̀ á jáde lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó-Ku-Díẹ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní òun mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, mo ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo kábàámọ̀ ibì kan. Wọ́n béèrè bí mo ṣe lè fara da ewu tó, bóyá díẹ̀, ìwọ̀nba tàbí púpọ̀. Mo rò pé awakọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà, mo sì wò ó pé ta ló fẹ́ pe èmi ní ojo. Mo fàmì sí púpọ̀, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé mo ti gbé pákó kọjá lórí afárá onígi nínú òjò láìní wáípà. Ìyá oníkọ̀ǹpútà ló wá là mí lóye pé owó mi ni wọ́n ń bi, kì í ṣe èmi, pé ẹni tó bá fàmì sí púpọ̀ ti gbà pé bí owó òun bá bómi lọ, òun ò ní pariwo. Ọmọ mi, èmi láyà, owó mi ò láyà rárá. Mo pa àmì náà rẹ́, mo fi sí díẹ̀, mo sì tún pa ìyẹn náà rẹ́.

Ó wá ku àwòrán tó ní ìlà aláwọ̀ ewé àti pupa, èyí tí o yà látojú fóònù rẹ tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà. Èmi gbà pé ojú ọ̀nà tí lọ́rí náà máa gbà ni, mo sì ti fẹ́ kọ̀wé sí wọn pé òkè yẹn ga jù fún ẹrù, àti pé ọ̀gbun ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ibi tí awakọ̀ lè yà sí kó mí. Ìyá oníkọ̀ǹpútà ní kì í ṣe ọ̀nà, iye owó ìpín ni, ibi tó ga yẹn ni ọjọ́ tí wọ́n kéde àjọṣepọ̀, ibi tó já wálẹ̀ ni ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọkọ̀. Mo ní kò burú, ọ̀gbun náà ni. Mo wá béèrè àmì róbótó kékeré kan tó wà ní téńté òkè náà. Ó ní ibẹ̀ ni ẹni tó ni fóònù ti ra tirẹ̀.

Mo délé, mo mú àwòrán ìwọ fúnra rẹ tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, mo fi ojú tí mo fi wo lọ́rí wò ó. O jókòó sídìí tábìlì níbi iṣẹ́, o ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ tábìlì, báàgì tí o fi kúrò nílé ló wà níbẹ̀. Nínú ife tí o kó àwọn bíìrò sí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ ló dúró láàárín wọn. O sì ní kí a má fi ẹrù ránṣẹ́ sí yàrá rẹ mọ́, kí a máa fi í sí ibi iṣẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí búréèkì já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí o wà lórí pákó lẹ́yìn? O kígbe bi mí pé kí ló dé, mo ní kò sí wàhálà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí a forí sọ òkìtì iyanrìn tí ọkọ̀ dúró, o bẹ́ sílẹ̀, o fi igi há táyà kí ẹnikẹ́ni tó rán ọ, o wá sọ fún mi pé ìgbà àkọ́kọ́ o gbà mí gbọ́, ìgbà kejì o di okùn mú, ìgbà kẹta o bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Nínú lẹ́tà rẹ yìí, o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kò sí wàhálà. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi.

Mi ò ta lọ́rí. Mo ti sọ fún onípákó, ó bínú, á gbàgbé. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ kéré, owó bẹ́líìtì fáànù kan ni, má fi kọ́bọ̀ lé e. Bó bá dé kó tó di Sátidé, a jẹ́ pé mo fura lásán, màá kọ̀wé bẹ ìwọ àti ilé-iṣẹ́ náà. Bí kò bá dé, má wulẹ̀ kọ lẹ́tà gígùn. Ó-Ku-Díẹ̀ ti bá mi so bẹ́líìtì àtijọ́, á gbé mi débẹ̀, ìyá rẹ sì ti gbá yàrá rẹ. Iwájú ni wàá jókòó sí nígbà tí a bá ń bọ̀, kì í ṣe orí ẹrù. Nígbà náà, ìwọ lo fi igi há táyà fún mi, ó wá kàn mí. Ilé làbọ̀ sinmi oko.

Bí mo bá débẹ̀ tí mo bá ọ ní tútù, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ti mú gbóná dè mí ni mi ò fẹ́.

Ọlọ́run á dáàbò bò ọ́, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣe àtẹ̀gùn, orí rẹ á kọ̀ fún un. Wàá gbéra, wàá jèrè ohun tí o lè fọwọ́ kàn.

Èmi ni bàbá rẹ, awakọ̀ tí kò tíì fẹ̀yìntì.

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé kí o yọ búrọ́ọ̀ṣì yẹn kúrò láàárín bíìrò, kí íǹkì má baà bà á jẹ́ kí a tó dé.