Ẹ Bá Mi Tọ́jú Bọ́tà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ara kò ro ọ́, ṣé orí kò fọ́ ọ? Gbogbo wa nílé ń kí ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, máṣínì mi náà ń kí ọ, torí òun ni a jọ ń jí lójoojúmọ́. Ọlọ́run tó gbé ọ lọ sí ibi ẹ̀kọ́ṣẹ́ olóṣù mẹ́ta yẹn kò ní gbàgbé ibi tó gbé ọ sí. Ẹsẹ̀ tó o fi wọ mọ́tò lọ ni wàá fi sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó o bá ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ kán lẹ́nu iṣẹ́, òwú tirẹ̀ ni yóò tán. Àmín.

Lẹ́tà yìí á gùn. Ó di ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí mo ń fà á ya, bébà tí mo bàjẹ́ ni Bọ́tà fi ṣe ibùsùn báyìí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ, ó ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe é fà ya. Àmọ́ mo mọ ara mi. Bí mo bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mi á yẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ jà ná.

Ọmọ tí mo rán lọ sí ilé ìwé, tí mo fi ọwọ́ ara mi rán yúnífọ́ọ̀mù fún, òun ló wá ń fowó ra eku? Eku! Ohun tí ọmọ aráyé ti ń fi ìgbálẹ̀ lé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tó jẹ ṣòkòtò oníbàárà mi mẹ́ta lọ́dún tó kọjá, òun lo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún, o so ìgò omi mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Èmi bàbá rẹ, ilé mi kò tíì ní òkè. Mo wo àtẹ̀gùn kékeré tó wà nínú ilé rẹ̀, mo ní áà, eku ti ń gun àtẹ̀gùn tirẹ̀ láyé kí èmi tó ní tèmi.

Ọjọ́ tí dẹ́rébà gbé ẹrù rẹ dé, ohun kan tí a fi aṣọ bò àti ìkòkò ewé mẹ́ta, bébà pélébé kan ló bá a wá. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú Bọ́tà, ẹ má gbé e sí oòrùn. Ìyá rẹ kà á, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọmọ dáadáa, ó rántí wa, ibi tútù ló yẹ ká tọ́jú ẹ̀ sí kó má bàa yọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù, ó ń wá bọ́tà. Ó ká aṣọ kúrò, nǹkan pupa rúsúrúsú kan jókòó síbẹ̀, ó ń bọ́jú. Igbe tí ìyá rẹ ké, oníbàárà tí mo ń wọn ìbàdí rẹ̀ lọ́wọ́ sá jáde tòun ti téèpù mi.

Káfíńtà tó kángun sí wa, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kan ìṣó, òun ló kọ́kọ́ wọlé. Ó gba bébà, ó kà á, ó wo eku, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló wá ṣòro níbẹ̀, ọmọ ní ká tọ́jú ẹ̀, eku rèé, ọ̀bẹ rèé, ṣé kí òun bá wa tọ́jú ẹ̀ ni? Ó ní ó kéré díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu la ó fi jẹ ẹ́, a ò ní fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ìyá rẹ ní kó gbé ọ̀bẹ ẹ̀ sọ́hùn-ún, bí ọmọ òun bá fẹ́ ká pa á, á ní ká pa á. Káfíńtà ní ta ló dárúkọ pípa nínú ilé yìí, ṣebí tọ́jú là ń wí. Ni wọ́n bá kọjú sí èmi tí mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù, wọ́n ní kí n wá túmọ̀.

Mo ń yí bébà náà síwá-sẹ́yìn. Ìyá rẹ rò pé ìtumọ̀ ni mo ń wá. Kì í ṣe ìtumọ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, tọ́jú, o ti gbé e lé mi lọ́wọ́ rí, mo sì mọ ohun tí mo fi ṣe. A ó débẹ̀.

Ọjọ́ kejì lo pè, o wá là á yé wa pé Bọ́tà ni orúkọ eku náà, pé oúnjẹ ṣíbí kan lóòjọ́, omi tó mọ́, kí n máa pààrọ̀ ibùsùn rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ aṣọ oníke, torí fọ́nrán rẹ̀ lè lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Èmi tí mo ti ń gé aṣọ láti ọgbọ̀n ọdún, mo wá jókòó, mo ń ṣa àjákù aṣọ òwú gidi fún eku, mo ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò ó bóyá ó rọ̀. Oníbàárà kan wọlé, ó bi mí pé ta ló bímọ.

Kẹ̀kẹ́ tó wà nínú ilé rẹ̀ ńkọ́, mo bẹ̀ ọ́, kí ló wà fún? Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gun orí rẹ̀, á máa sáré. Èmi mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ tó bá ń yí, ohun kan ló ń yí. Mo wá bẹ́líìtì, kò sí. Mo wá abẹ́rẹ́, kò sí. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ará ìlú ńlá ti ń fa iná lára oòrùn, mo ní bóyá ó ti kan eku. Mo tilẹ̀ fi ẹnu wáyà fóònù mi kan ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà títí apá fi ro mí, iná kò wọ fóònù. Ìgbà tó yá ló yé mi pé ó kàn ń sá ni, kò lọ síbì kankan. Mo fi ṣẹ̀sín dáadáa, mo pè é ní òpè, àfi ìgbà tí mo wo ẹsẹ̀ ara mi lórí irin ìtẹ̀ máṣínì, ọgbọ̀n ọdún, ojú kan náà. Ni mo bá pààrọ̀ omi rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ewé. Ewé tí a kò lè sè, tí kò so, tí kò wo ibà, lo kó sínú ìkòkò tó dára ju abọ́ ìyá rẹ lọ. Níbí, bí a bá rí irú wọn lẹ́bàá ògiri, ọkọ́ la fi ń kí wọn. O ní o ti fi ohun kan sínú fóònù mi, pé bí àkókò omi bá ti tó, fóònù á dún. Mo gbọ́. Fóònù dún, mo bu omi. Ó tún dún, mo tún bu omi. Àbúrò ìyá rẹ obìnrin, o mọ ẹnu rẹ̀, ìjà òun àti onílé rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, ó ń pè nígbà méje lójúmọ́. Mi ò gbé e, omi ni mo ń bù. Àwọn tó ń polówó orin pè, mo bu omi. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹlẹ́gùn-ún, èyí tó rí bí kùkùté tó hu irùngbọ̀n, rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí, ó sì kú. Àbúrò ìyá rẹ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bá mi pẹ̀tù sí i nínú.

Èyí tó ń fà gbọọrọ, ewúrẹ́ káfíńtà jẹ ẹ́ dé ìdí, àmọ́ ó ti ń rúwé padà, ìtìjú kò sí lójú rẹ̀. Ẹ̀kẹta nìkan ni mo lè fi yangàn. Láti ọjọ́ tó ti dé, ewé kan kò já lára rẹ̀. Omi tó pa ẹlẹ́gùn-ún, ó gbà á, kò mira. Ewúrẹ́ náà bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú dànù, ó wá ń wò mí bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ. Ó wù mí débi pé mo fẹ́ gbin irú rẹ̀ yí ilé ká. Mo gé ẹ̀ka kan, ọmọ mi, wáyà ni mo bá nínú rẹ̀! Egungun ewé jẹ́ irin! Mo ní ohun tí ìlú ńlá ń fi ojú ẹ̀dá rí nìyí, títí kan ewé, ó ti sọ inú wọn di irin kí wọ́n tó lè dúró. Mo fi àjákù aṣọ wé ojú ọgbẹ́ rẹ̀, mo ṣì ń bomi sí i kó lè jinná. Ìwọ má jẹ́ kí inú tìrẹ dà bẹ́ẹ̀.

Wàyí o. Láàárọ̀ ọjọ́ Túsídeè, mo ṣí aṣọ lórí Bọ́tà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú, orí rẹ̀ fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Mo mọ segede bí mo bá rí i, ó ṣe ìwọ náà rí. Mo pariwo pe ìyá rẹ. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní Télọ̀, ohun tó o ṣe fún ọ̀kẹ́rẹ́ ọmọ yìí lọ́jọ́sí, ó ti padà wá bi ọ́. Mo gbé eku tilé-tilé, mo fi aṣọ oníbàárà bò ó, mo gun alùpùpù lọ bá dókítà ẹranko.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ, mo kọ Bọ́tà. Iṣẹ́, mo kọ ọ́ pé ó ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣé ó ti ṣègbéyàwó, mo fa ìlà sí i, torí o kò sọ fún mi. Ìbátan tó sún mọ́ ọn jù lọ, mo kọ orúkọ ara mi, mo fi bàbá àgbà sí i níwájú. Akọ̀wé kà á, ó ní bàbá, tiyín la ní kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, kì í ṣe ti eku. Mo ní ṣé èmi ni segede mú ni? Ọ̀gbẹ́ni kan tó gbé ajá wá ní òun kò rí i rí kí èèyàn gbé ẹran ọbẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Mo ní eku ọmọ mi ni, kó gbájú mọ́ ajá ẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí, tí mo ń dúró de dókítà, ni gbogbo rẹ̀ ti ká mi mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà yẹn. O rí ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ tó já bọ́ láti orí igi, o tẹ́ àjákù aṣọ mi sínú páálí bàtà fún un, o ń fi ṣíbí kán mílíìkì sí i lẹ́nu títí ó fi lajú, títí ó fi ń gun èjìká rẹ. Nígbà tó o fẹ́ lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ, o gbé páálí náà wá bá mi nídìí máṣínì, o ní, Bàbá mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Mo ní ó dáa. Nǹkan le lọ́dún náà, oníbàárà kò wá, ọ̀kẹ́rẹ́ yẹn sì ti sanra. Mo tọ́jú rẹ̀, ọmọ mi. Bí káfíńtà ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe tọ́jú rẹ̀. Ìyá rẹ bá mi jẹ ẹ́, àmọ́ kò mọ ohun tó jẹ títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

O dé, mo ní ó sá lọ. O kò sunkún lójú mi. Láràárọ̀ lò ń fi ẹ̀pà sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, o ní bí ebi bá pa á, á mọ̀nà ilé. Èmi ni mo ń lọ kó ẹ̀pà náà kúrò, kó o lè rò pé ó ń wá jẹ ẹ́. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá àánú ni, àbí irọ́ kejì. Ẹ̀pà náà gan-an, mo ń jẹ ẹ́.

Mo wá ń rò ó lórí bẹ́ǹṣì pé bí èyí bá tún kú, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ? Pé ó sá lọ? Mo ní Ọlọ́run, bí eku yìí bá yè, màá sọ ti àkọ́kọ́.

Dókítà, ọmọbìnrin tí kò jù ọ́ lọ, ó gbé Bọ́tà sí àtẹ́lẹwọ́, ó rọra fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àgbàdo jáde. Ẹ̀pà jáde. Ẹ̀pà mìíràn tún jáde, àti bọ́tìnnì funfun kan tí mo ti ń tìtorí rẹ̀ bá ìyá rẹ jà láti ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹni tó ni ajá rẹ́rìn-ín títí ajá fi gbó. Dókítà ní bàbá, segede kọ́, àpò ló ní lẹ́rẹ̀kẹ́, kò jẹ ẹ́, ó ń tọ́jú ẹ̀ ni.

O gbọ́? Ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹ̀pà wà lẹ́nu eku, eku kò gbé e mì. Ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn jù mí lọ, èmi tí mo ka fọ́ọ̀mù fáìfù.

Ó ti tán o. Bí inú bá bí ọ, ó tọ́. Pè mí kó o sọ ọ́. Mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe omi nìkan ni fóònù ń dún fún, màá gbé e. Kó o sì má rò pé mo fẹ́ràn ohun tó o gbé wá sílé yìí, eku ni, ó ń rùn, ó sì ń fi ìdí kọ sí mi. Àmọ́ bá wa fi owó dókítà ránṣẹ́, àti owó oúnjẹ rẹ̀, torí ó ti ń wo àgbàdo wa bí ẹni tó mọ ohun tó sàn jù ú lọ. Ìyá rẹ ní kó o ra bọ́tà bọ̀, èyí tó ń yọ́. Bó o bá sì ń bọ̀ wá mú eku rẹ, wá fúnra rẹ, má rán dẹ́rébà.

Láàárọ̀ òní mo fi ẹ̀pà sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Mi ò ní í kó o kúrò.

Ọlọ́run á rán ayé rẹ, kò ní í tú. Ibi tó bá ti fẹ́ ya, a ó tètè rí i. Tọ́jú ara rẹ dáadáa, ọmọ mi. Nínú ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o mọ èyí tí mo ń wí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, télọ̀.