Yàrá Tí Ìyá Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Mo wọn Lọ́yà fún aṣọ tuntun. Èjìká kò yí padà. Apá ń tín-ín-rín sí i, bí ẹni pé ọmọ náà ń ga ni. Ṣùgbọ́n ikùn — ó ti ju bó ṣe rí nígbà tí mo rán aṣọ tó wọ̀ kẹ́yìn lọ dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́yà wa ti ń jẹ owó ẹjọ́. Ó ní irọ́ ni, òun ò tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò bọ́ sílẹ̀ tí kò ní gbé e, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó dá a padà fún ọ. Ìdí tí mo fi ń pe ọmọ-ọmọ mi ní Lọ́yà nìyẹn.

Ìyàwó ní kí n yé fi ikùn ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ mi wà lórí òkun, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe, oṣù díẹ̀ díẹ̀ ló máa ń wálé. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la wà nínú ilé yìí, òun àti oyún oṣù márùn-ún, èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Bí abẹ́rẹ́ méjì nínú ike kan. A kì í jà. A kàn máa ń gún ara wa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Ìyàwó ń wẹ ọmọ láàárọ̀, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ kò dún bó ṣe máa ń dún. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ìhà òsì ọmọ náà. Nǹkan wà níbẹ̀. Ó le bí ọ̀dùnkún tí a kò tíì sè. Lọ́yà ní kò dun òun, ṣùgbọ́n kí a yé tẹ òun, òun kì í ṣe búrẹ́dì.

A gbé e dé ilé ìwòsàn kí oòrùn tó mú. Dókítà àwọn ọmọdé, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, fi ọwọ́ kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó mú ọwọ́ kúrò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má tẹ ibẹ̀ mọ́. Ó kọ síkáànù fún wa.

Gbogbo ọ̀nà ilé ni mo ń rántí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Yàrá síkáànù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti wo oyún Ìyàwó lóṣù tó kọjá. Ibùsùn kan náà, ọkùnrin kan náà. Lọ́yà tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, ó rí àbúrò rẹ̀ tó ń ta ẹsẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Òun ló sọ ọkùnrin náà ní Bàbá Fọ́tò.

Nítorí náà, inú rẹ̀ dùn lónìí. Fúnra rẹ̀ ló gun ibùsùn, fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ sókè. Wọ́n fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ bí ọṣẹ sí i níkùn, ó fò díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ẹ̀rọ, ó ń retí.

Bàbá Fọ́tò kì í panu mọ́, àwàdà ló fi ń ṣiṣẹ́. Lónìí, àwàdà náà tán láàárín gbólóhùn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó bọ̀, ó dúró síbi kan.

Lọ́yà ní, "Bàbá Fọ́tò, tèmi ńkọ́? Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ìyàwó kọjú sí ògiri.

Bàbá Fọ́tò ní, "Jẹ́ kí n wò ó dáadáa ná, adájọ́ mi."

Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó parí, ó fi aṣọ nu ikùn ọmọ náà bí ẹni ń nu ẹyin. Ó ní dókítà ló máa bá wa sọ̀rọ̀. Ó bá wa dé ẹnu ọ̀nà. Kì í báni dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kíndìnrín òsì ni. Jẹjẹrẹ. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ́síréè àyà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan náà ti rìn dé ẹ̀dọ̀fóró.

Wọ́n ya àwòrán aboyún sára ilẹ̀kùn yàrá náà, wọ́n fi ìlà pupa gba orí rẹ̀ kọjá. Ọmọdébìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wo ikùn Ìyàwó, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹlòmíràn ló máa dì í mú."

Wọ́n gbé ẹ̀wù òjé tó ń dí ìtànṣán ẹ̀rọ wọ̀ mí. Ó wúwo, mo dà bí ẹṣin tí a gbé gàárì lé. Lọ́yà na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, kò wọlé, kò padà sẹ́yìn. Mo rò pé yóò bá wọn jà. Èmi ló kọjú sí.

Ó ní, "Mà, ẹ má fi ọwọ́ gba abẹ́ ìhà òsì rẹ̀. Etí ni kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ sí. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ sétí, kò ní sunkún."

Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ sí i létí. Kò sunkún. Ìyá rẹ̀ ló sunkún, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Àmì kéékèèké wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ní ẹ́síréè nìkan kò lè sọ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ̀rọ ńlá tó rí bí òrùka ló kù. Ìyàwó ní òun ò gbà. Obìnrin ilé kejì ti sọ fún un pé ìtànṣán ẹ̀rọ yẹn máa ń jó ọmọdé nínú.

Dókítà kò bínú. Ó fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí obìnrin náà sọ, ìdí nìyẹn tí àwọn fi máa ń fi síkáànù bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé àti aboyún, nítorí kò ní ìtànṣán rárá. Èyí ní. Àwọn yóò dín in kù dé ìwọ̀n ara ọmọ náà, àwọn kò sì ní ṣe é ju bó ti yẹ lọ. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n bí a ò bá wò ó, inú òkùnkùn la máa ti gé e."

Ìyàwó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé.

Ọkọ̀ ọmọ mi ò tíì lè gúnlẹ̀ lóṣù yìí. Lórí fóònù, ó ń bi mí pé báwo ni ọmọ, báwo ni ọmọ. Ìjì gba ohùn rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹni bá fẹ́ wọ inú òrùka kò gbọdọ̀ mira. Látàná la ti ń fi orí tábìlì ìránṣọ mi kọ́ ọ. Mo ní kó ṣe bí ìgò. Ó ní ìgò kì í mí, ṣé kí òun náà má mí ni? Mo ní kó mí díẹ̀. Ó ní díẹ̀ tó báwo?

Lónìí, nínú òrùka náà, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Inú ẹ̀wù òjé ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó wà lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Ojú Lọ́yà nìkan ló ń rìn, ó ń wá ìyá rẹ̀.

Mi ò tíì rí ohun tó bà mí nínú jẹ́ tó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọ yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó wà ní ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà, dókítà ní. Oògùn ni àkọ́kọ́, kí nǹkan náà lè súnkì. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń là á já. Ọ̀pọ̀. Mo di ọ̀rọ̀ náà mú bọ̀ wálé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Oògùn ń wọ̀ ọ́ lára. Ó ń bì. Mo ń tẹ́ aṣọ, mo ń ká aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin

Irun rẹ̀ ti lọ tán. Mo fi àgékù aṣọ aláwọ̀ òféfèé rán fìlà fún un, mo fi òdòdó sí i. Ó gbé e yẹ̀ wò níwájú, ó gbé e yẹ̀ wò lẹ́yìn, ó dá a padà.

"Màmá àgbà, kí ni mo jẹ̀bi tí màá fi máa fi orí pamọ́?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí a fi di ara wa mú. Lẹ́yìn náà, Ìyàwó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, ó ní òun mọ̀ pé òun le sí mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní èmi náà kì í ṣe òwú. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọjọ́ tó dára! Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe ń rí.

Òwúrọ̀ kan náà ni wọ́n fún àwọn méjèèjì láti ṣe síkáànù, ìyá àti ọmọ. Lọ́yà ló kọ́kọ́ gun ibùsùn. Nǹkan náà ti dín kù ní ìdajì. Àwàdà Bàbá Fọ́tò padà dé. Ẹ̀dọ̀fóró náà, ẹ́síréè tí wọ́n yà lánàá ti fi hàn pé ó ń mọ́. Wọ́n á mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Nígbà tó kan Ìyàwó, Lọ́yà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyá rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ nínú ẹ̀rọ pẹ́.

"Ṣé òtútù ọṣẹ yẹn ò mú un?"

Bàbá Fọ́tò ní kò mú un, ìyá rẹ̀ ló fi ara bò ó. Lọ́yà ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi dé nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí rẹ̀ tí kò nírun.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún

Ibà mú Lọ́yà láti àná. A ti wà ní wọ́ọ̀dù. Oògùn tó ń bá jẹjẹrẹ jà ti jẹ agbára ara rẹ̀ náà, kòkòrò àìsàn rí àyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń mí bí ẹni gun òkè.

Wọ́n ti ẹ̀rọ ẹ́síréè tó ní táyà lẹ́sẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Gbogbo èèyàn ní láti kúrò. Ìyàwó kò dìde. Ó ti di ọwọ́ Lọ́yà mú. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó dìde nígbẹ̀yìn, ó rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, kò wò mí.

Ó ní, "Màámi, gbogbo ìgbà ni mò ń fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ìkejì."

Mo fi ìborùn mi nù ún lójú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Ó lọ láàárọ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ ló gbé e mọ́ra.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ilé kún, ilé ṣófo. Wọ́n ń wá, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń lọ. Gbogbo wọn ló ń sọ ohun kan náà: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí, láìmọ ohun tí mò ń sọ.

Lónìí, obìnrin ilé kejì sọ ọ́. Ìyàwó gbé orí sókè láti ibi tó jókòó sí.

"Omi yẹn lórúkọ, mà."

Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́.

Aṣọ tí mo ń rán fún Lọ́yà lóṣù kẹta ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ, apá kan ti wọlé, apá kan kò tíì wọlé. Mi ò lè rán an parí. Mi ò lè tú u.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìyàwó lọ ṣe síkáànù lónìí. Ó ti jẹ́ kí ọjọ́ náà yẹ̀ ṣáájú, ó ní òun ò lè dé ibẹ̀. Ọmọ mi bá wa dé ẹnu géètì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó dúró síta lábẹ́ igi. Èmi àti Ìyàwó wọlé.

Bàbá Fọ́tò dìde nígbà tó rí wa. Kò sọ pé ẹ kú ìrọ́jú. Ó kàn dìde, ó dúró, ó tún jókòó. Ó ti yí ojú ẹ̀rọ sápá ògiri kí Ìyàwó tó dùbúlẹ̀, ó rò pé kò ní fẹ́ rí i.

Ìyàwó ní, "Ẹ yí i padà, sà."

Ó yí i padà. Ó wo orí, ó wo ọkàn, ó wo ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló dára, ọmọ ti dorí kodò, ó ti ń múra. Ó na ọwọ́ sí aṣọ ìnuwọ́. Ìyàwó dì í mú lọ́rùn ọwọ́.

"Ẹ wo kíndìnrín rẹ̀."

Ó wá a. Ó rí ọ̀kan, ó rí èkejì, kéékèèké, bí horo ẹ̀wà méjì. Ó ní méjèèjì ló mọ́.

"Ẹ tún un wò."

Ó tún un wò. Ó rọra ṣàlàyé pé ohun tí òun rí lónìí nìkan ni òun lè sọ, ẹ̀rọ kì í rí ọ̀la, ṣùgbọ́n lónìí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un wò."

Àwọn aboyún ti kún ìta. Ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá Fọ́tò fi ọwọ́ júwe fún un pé kó pa ilẹ̀kùn dé. Ó mú ìgò ọṣẹ tútù náà, ó fún òmíràn sórí ikùn Ìyàwó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.