Má Lọ Jókòó Sínú Ògiri Báǹkì

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrójú, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kó o tó jáde láàárọ̀? Àwa ńlé wà láàyè, a ò rí ìbànújẹ́, Ọlọ́run ò sì ní jẹ́ ká rí i. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní orúnkún òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Ọ̀kan jọ aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbi irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ fún un.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Níbi tí o ti kọ ọ́ pé bí táàmù yìí bá parí, o máa fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nílé-ìwé ìjọ yẹn, kí o lọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì, àyà mi já. O ní ọ̀gá ilé-ìwé ń bínú pé kíláàsì rẹ ń pariwo ju ti àwọn yòókù lọ, pé àwọn ọmọ ń béèrè ọ̀rọ̀ jù, àti pé kí o mú pàṣán tàbí kí o wábi gbà. Ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ti báǹkì yẹn gan-an ló kó mi lọ́kàn sókè, nítorí mo mọ ohun tí ojú mi rí.

Ọjọ́ tí mo lọ gba owó tí o fi ránṣẹ́, ọlọ́dẹ ò jẹ́ kí n wọlé. Ó ní kí n lọ síbi ògiri níta, kí n ki káàdì bọ̀ ọ́. Mo ki káàdì náà bọ̀ ọ́ lóòótọ́, mo sì ń gbọ́ bí ẹni tó wà nínú ògiri ṣe ń ka owó wìrìwìrì, ló bá nà án sí mi láì yọjú. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo bi í bóyá ó ti jẹun, kò dáhùn, àwọn tó tò sẹ́yìn mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Mo fi ojú kápẹ́ńtà wọn ibẹ̀: èèyàn ò lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo tó sì ní ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo bi ọlọ́dẹ bóyá kí n kan àpótí ìjókòó kékeré kan wá fún un, ó kàn ń wò mí ni. Ìyá rẹ ní bóyá kò sẹ́nì kankan nínú ògiri náà. Mo ní ta ló wá ka owó ọ̀hún tó fi pé?

Ṣé o rántí ìgbà tí ìwọ gan-an kórìíra ilé-ìwé bí ẹni kórìíra ewúro? O máa ń sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi, èérún pákó á kún orí rẹ. Tíṣà Kí-Ló-Fà-Á ló gbà ọ́ kalẹ̀, orúkọ tí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ìjọ ìlú wa níhìn-ín sọ wọ́n nìyẹn. Bí ẹ bá ti kọrin, tí ẹ gbàdúrà tán láàárọ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, àfi kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó rí lọ́nà tí kò yé e. Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní àwọn náà ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó. Àwa òbí ń ráhùn nígbà náà pé irú tíṣà wo ni kì í tijú àìmọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Ẹlẹ́dàá kì í ṣe ahun, pé ẹni tó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ ti ń gbàdúrà bọ̀.

Ìwọ lo bi wọ́n pé kí ló dé tí ìṣó máa ń gbóná bí bàbá rẹ bá fà á yọ kúrò lára pákó. Èmi tí mo ti ń fa ìṣó látìgbà èwe, kò sọ sí mi lọ́kàn rí! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo kíláàsì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ń fa ìṣó, ẹ ń fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà kàn ní kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì ra ara wọn, kí ẹ ra wọ́n gidi. Ìwọ lo kọ́kọ́ pariwo pé o ti mọ̀ ọ́n. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwọ lò ń jí mi pé ilé-ìwé ti yá. Ó ń ṣe mí bíi kí àwọn ọjọ́ yẹn padà wá.

Ó wá ku ti sinimá kíláàsì rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Aránṣọ ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo kí àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan ò dáhùn, ṣùgbọ́n mo dárí jì wọ́n nítorí gíláàsì omi tútù tí wọ́n ń wò. Mo rora gbé fóònù náà lọ sílé Tíṣà, mi ò jẹ́ kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí omi àwọn ọmọ má baà dànù.

Ojú Tíṣà ò ríran mọ́, ọmọ mi. Mo gbé e sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ tí ọmọ kan ń béèrè kí ló dé tí gíláàsì ń làágùn, wọ́n sì gbọ́ tí ìwọ fèsì pé o ò mọ̀ ọ́n, pé ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ra ara wọn, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ariwo tí ọ̀gá rẹ ń sá fún yẹn, òun làwọn fi gbogbo ayé àwọn wá. Wọ́n ní kí n máa gbé e wá lẹ́yìn ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Aránṣọ ní fóònù náà ti jẹ dátà rẹ̀ tán, ebi ló ń pa á, kò sì lè mú àwọn ọmọ jáde mọ́. Bí o bá wá lọ jókòó sínú ògiri, níbi tí èèyàn kì í ti í dáhùn, kí ni màá máa gbé lọ fún Tíṣà?

Ọlọ́run á fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu níwájú ọ̀gá rẹ. O ò ní ṣi ọ̀nà gbà. Bí o ṣe ń tànmọ́lẹ̀ fọ́mọ ọlọ́mọ, ìmọ́lẹ̀ tìrẹ ò ní kú. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, kápẹ́ńtà.

Kí n tó lẹ lẹ́tà yìí pa, mo fa ìṣó kan yọ lára pákó, mo fi í kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó ṣì ń gbóná.