Lórí Yíyọ Oko Ẹmu Lájídé Kúrò Lára Ọ̀nà Ẹmu Ilẹ̀ Okun

Ilé Gbádéyan,
Ọ̀nà Ìkòyí,
Ìyàrá, Ìjùmú,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ọ̀nà Ẹmu Ilẹ̀ Okun,
Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN PÉ Ọ̀GBẸ́NI LÁJÍDÉ TI ÌKÒYÍ FIPÁ RỌ ÀLEJÒ LỌ́TÍ: Ẹ̀RÍ ÀWỌN TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Orúkọ mi ni Ayọ̀kẹ́mi Miriam Gbádéyan, ọmọ bíbí Ìyàrá. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń kọ ìtàn àwọn ìlú wa sílẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àṣà mi láti kọ ohun tí n kò rí. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ yọ oko ẹmu Ọ̀gbẹ́ni Lájídé kúrò lára Ọ̀nà Ẹmu ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kò bi wá ní ohunkóhun kí ẹ tó dá ẹjọ́ náà.

2. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Nígbà tí ẹ kéde pé kí àwọn àlejò máa rìn láti oko ẹmu kan dé èkejì nílẹ̀ Okun, kí wọ́n máa sùn ní ilé àlejò wa, kí wọ́n sì máa jẹ oúnjẹ wa, orí mi wú. Mo ti ka ìtàn àwọn ìlú òkèèrè tí tọkọtaya ti máa ń lọ lo ọjọ́ mélòó kan láti tọ́ ọtí àjàrà wò láti oko dé oko. Mo máa ń bi ara mi pé kí ni àjàrà ní tí ọ̀pẹ kò ní. Ẹ̀yin ni ẹ fi iṣẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn.

3. Nítorí náà, nígbà tí ìgbéyàwó wa pé ogójì ọdún nínú oṣù Èrèlé, n kò fẹ́ àsè kankan. Mo sọ fún ọkọ mi, Alájì Gbádéyan, pé Ọ̀nà Ẹmu ni mo fẹ́ kó mú mi rìn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí ni, kò fi ẹnu kan ọtí rí. Kristẹni ni mí ní tèmi, mo sì fẹ́ràn ẹmu. Ó ní, "Ìyá Olúmidé, ìwọ ni yóò máa mu, èmi ni n óò máa wa mọ́tò. Àmọ́ gbogbo bó bá ṣe rí lẹ́nu rẹ, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún mi." Àdéhùn tí a bá jáde nílé nìyẹn. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ pé kì í mu ọtí, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí tí mo ní wà.

4. Ponyan ni a kọ́kọ́ sùn, ní ilé àlejò Ìyáàfin Naomi. Iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ọ̀yà ni wọ́n fi gbà wá, ọkọ mi sì jẹ ìpín tirẹ̀ àti díẹ̀ nínú tèmi. Ní òwúrọ̀, wọ́n gbé ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ wá. Ó tutù, ó sì rọra dùn. Ọkọ mi tẹ imú bo igbá náà, ó ní òórùn àgbàdo tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ni òun gbọ́. Mo tún un tọ́ wò, mo sì rí i pé kò parọ́. Ní Ifẹ̀-Olúkòtún, ẹsẹ̀ òkè àpáta ni oko ẹmu wọn wà. Ẹmu ibẹ̀ le ju ti Ponyan lọ, ó ń ta lọ́nà ọ̀fun, iṣu sísun àti epo pupa ni wọ́n sì ń fi í jẹ. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹmu yìí ń bá ènìyàn jiyàn. Ó ní ìdí nìyẹn tó fi bá mi lára mu. Ìlú méjèèjì yìí kò jìnnà síra púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹmu wọn kò jọra rárá. Mo ti jẹun ní ìlú ńláńlá, n kò rí ibi tí ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀ ti gbé adùn tó yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wá.

5. Ìkòyí ni a parí ìrìn àjò náà sí, ní oko Ọ̀gbẹ́ni Lájídé. A kí wọn pé "Okun o", wọ́n sì dá wa lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyáàfin Rachel, tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi ọsàn. Lájídé gbé akèrègbè wá, ó bu díẹ̀ mu ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí olóhun ti máa ń ṣe kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ahá, igbá kékeré tí a fi ń mu ẹmu. Kí wọ́n tó bu ohunkóhun, ọkọ mi gbé ahá tirẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ẹní. Lájídé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alájì ti sọ̀rọ̀." Ìyáàfin Rachel lọ gbé omi tútù àti oyin wá fún un. Láti ìgbà náà títí a fi dìde, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ẹmu fún un mọ́.

6. Ó ṣe é ṣe kí àwọn kan nínú yín mọ ìlànà yìí, ó sì ṣe é ṣe kí àwọn mìíràn má mọ̀ ọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀. Ní abẹ́ ọ̀pẹ wọn ní Ìkòyí, ahá ni ó ń sọ̀rọ̀ fún àlejò. Ahá tó dojú sókè ń bèèrè. Ahá tó dojú délẹ̀ ti dúpẹ́, ó ti tán. Onílé tó bá fi ahá tó dojú sókè sílẹ̀ lófìfo ti dójú ti ilé ara rẹ̀. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ẹ̀rí, nítorí pé láti ahá àkọ́kọ́ ni àlejò tó lẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sọ pé "ó ti tó", bí ẹni tó bá ènìyàn lórí oúnjẹ ṣe máa ń sọ pé òun ti yó.

7. A ti jókòó díẹ̀ kí òṣìṣẹ́ yín tó fi ọ̀kadà dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ ẹ̀wù tí ẹ kọ orúkọ Ìgbìmọ̀ sí láyà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ìwé yìí kò wá láti bà á jẹ́. Ó sọ fún wa pé ọmọ Okun ni òun, ṣùgbọ́n Àbújá ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà dáadáa. Ó mu ahá àkọ́kọ́, ó yìn ín. Ó mu èkejì. Nígbà tí ẹ̀kẹta ń bọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ahá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ó ti tó, ẹ ṣeun gan-an."

Ohun tí Lájídé gbọ́ ni ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo kàn yí ohùn Ìjùmú sí Yorùbá tí gbogbo wa lè kà ni. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ ilé rere! Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ jàre."

Ìyáàfin Rachel ní, "Ẹ rọra o, Bàbá Sarah, ọmọ Àbújá ni."

Ó dá a lóhùn pé, "Ṣé wọn kì í mu ẹmu lÁbújá ni? Ahá rẹ̀ ṣì ń wò mí."

Ó bu sí i. Ọkọ mi rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó tẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà létí, ó ní, "Ọmọ mi, dojú ahá rẹ délẹ̀. Wọn ò ní bu sí i mọ́." Ọmọ náà mi orí, ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Háà, Bàbá, mi ò lè ṣe é. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá dojú ife délẹ̀ níwájú àgbà, èébú ló bú u." Ọkọ mi tún sọ ọ́ fún un. Ó tún kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń mu nítorí ọ̀wọ̀, Lájídé sì ń bu nítorí ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ méjì pàdé lórí ẹní kan, kò sí èyí tó yà fún èkejì.

8. Oorun gbé e lọ níkẹyìn. Lájídé bọ́ aṣọ ìbora tirẹ̀, ó fi bò ó. Ó jókòó tì í, ó ń lé ewúrẹ́, ó sì ń ṣọ́ àpò rẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọ̀, tí ó jí, Ìyáàfin Rachel fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, àwa sì fi mọ́tò wa gbé e padà sí Kàbà. Nínú mọ́tò, ó sọ fún wa pé òun kò mu irú ẹmu bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Mo gbà á gbọ́.

9. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìwé yín dé ọwọ́ Lájídé. Ẹ ní ó fipá rọ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́tí títí ó fi dákú. Ẹ ní ẹ ti yọ oko rẹ̀ kúrò lára Ọ̀nà Ẹmu, àti pé ìpàdé yín ti ìparí oṣù yìí ni yóò fi òǹtẹ̀ lu ìpinnu náà. Kí ìpàdé náà tó wáyé rárá, àwọn ènìyàn yín ti wá hú pátákó tó júwe oko náà kúrò lẹ́bàá títì.

10. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun tí n kò bá yín jà lé lórí. N kò sọ pé òṣìṣẹ́ yín kò yó. Ó yó. N kò sì sọ pé ìlera àlejò kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo lòdì sí, ọ̀rọ̀ náà ni "ipá". Ẹni mẹ́ta ni a jẹ́ àlejò lórí ẹní yẹn. Ọkọ mi dojú ahá tirẹ̀ délẹ̀ kí ẹmu tó kàn án, omi àti oyin ni ó sì mu títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Èmi mu ẹ̀kẹta, mo dojú tèmi délẹ̀, Lájídé sì gbé akèrègbè kọjá níwájú mi láìyà. Ẹnì kan tó kù kò dojú tirẹ̀ délẹ̀. Bí ipá bá wà ní oko yẹn, ṣé ẹnì kan péré nínú ẹni mẹ́ta ni ìbá mú, kó sì fi Mùsùlùmí tó jókòó láàárín ọtí sílẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀?

11. Mo padà sí Ìkòyí ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti ọjà ló ń dun Lájídé, nítorí àwọn tó ń ra ẹmu rẹ̀ lọ sí Kàbà kò dáwọ́ dúró. Àlejò ni kò gbà mọ́. Ẹni tó bá yà síbẹ̀, omi ni wọ́n ń fún un. Gbogbo ahá ilé rẹ̀ ni ó ti tò sórí pẹpẹ, ó dojú wọn délẹ̀ pátá. Ó sọ fún mi pé, "Abẹ́ ọ̀pẹ wọ̀nyí ni bàbá mi ti gba àlejò títí ó fi kú. Èmi ni wọ́n wá kọ̀wé sí pé mò ń fipá rọni. Ìyá Olúmidé, kí n wá máa wọn ẹmu fún ènìyàn bí oògùn ni?" Ẹ̀yin ni ẹ ni èsì ìbéèrè yẹn.

12. Nítorí náà, mo ń fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ fa ẹ̀sùn náà yọ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ fi ìwé sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Lájídé bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé ni ẹ fi bà á lórúkọ jẹ́. Kí ẹ dá pátákó rẹ̀ padà sẹ́bàá títì. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí irú èyí má ṣẹlẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe òfin tuntun fún àwọn adẹ́mu. Ẹ kọ ọ́ sára pátákó náà pé: "Bí ó bá ti tó ọ, dojú ahá rẹ délẹ̀." Èmi àti ọkọ mi yóò san owó ọ̀dà tí ẹ ó fi kọ ọ́. Àlejò tó bá rìn jìnnà wá tọ́ ẹmu wa wò lè kọ́ bí a ṣe ń kọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ìmọ̀ méjèèjì ni ó yẹ kó gbé lọ sílé. Kò sí ohun ìtìjú nínú ìlànà wa. Ilẹ̀ tó fún àlejò ní ẹmu, tó sì fún un ní ọ̀nà láti sọ pé ó tó láìla ẹnu, ilẹ̀ ọ̀làjú ni.

13. Ọkọ mi ti ṣe tán láti wá jẹ́rìí níwájú yín nígbàkígbà tí ẹ bá pè é, èmi náà sì ti ṣe tán. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní Ìkòyí lọ́sẹ̀ yìí, mo bẹ Ìyáàfin Rachel pé kó yá mi ní ahá kan láti orí pẹpẹ yẹn. Ó wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo gbé e kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ dojú sókè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí èsì yín yóò fi dé.

Ẹ ṣeun fún àkókò tí ẹ fi ka ìwé yìí.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ onílé àti àlejò,

Ayọ̀kẹ́mi Miriam Gbádéyan (Ìyáàfin),
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, òǹkọ̀tàn àwọn ìlú ilẹ̀ Okun.