Iná Tó Ń Jó Lẹ́yìn Fíríìjì Wa

Orrin, Lucinda, obìnrin tó wa ọkọ̀-ilé tirẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ibùdó yìí lálẹ́ àná, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ iná yìí fún mi. O ṣì ń hanrun nígbà tó pè mí síta láàárọ̀ yìí. Ó ṣí ìdérí kékeré tó wà lára ọkọ̀-ilé wa, lẹ́yìn fíríìjì, ó ní, "Ẹ wo iná yín, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní, "Fíríìjì ń mú nǹkan tutù. Kí ni iná ń wá níbẹ̀?"

"Iná gáàsì yẹn gan-an ló ń mú un tutù. Ṣé ẹ máa ń pa á kí ẹ tó wọ ilé epo?"

Lánàá ní ìlú Ely, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí iná yẹn wà lo dúró sí tí o ń rọ bẹntiróòlù. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára páńpù fún ọ, pé kí a pa gbogbo iná. O rẹ́rìn-ín, o ní sìgá ni wọ́n ń bá wí.

Mo ti pa gáàsì. Má tàn án, má sì ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì tí mo lẹ ìwé yìí mọ́. Òtútù inú rẹ̀ á tọ́jú oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ títí a ó fi ra epo tán. Tí o bá tún fẹ́ gbé iná yẹn wọ ilé epo, ìwọ nìkan ni o máa lọ. Mo ń wá yìnyín tí a ó fi ti oògùn náà lọ sí ọ́fíìsì ibùdó.

Mo bi Lucinda bó ṣe mọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi náà máa ń rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí iná ràn ní ilé epo." Ó gbé ife kọfí rẹ̀, ó lọ, kò sì wẹ̀yìn.