Ìkẹ́dùn Ikú Abelino Orellana, Ẹni Tí Kò Gbà Kí A Ka Kọfí Mọ́ Oúnjẹ Ọmọ

Sí Doña Nohemí, aya olóògbé, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Yadira àti Osmín, ní Las Quebraditas.

Ọkàn wa wúwo bí àpò kọfí tí òjò pa mọ́ ojú ọ̀nà bí a ti jókòó láti kọ ìwé yìí. Ìbànújẹ́ ńlá ni ó jẹ́ fún gbogbo àwa òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìṣirò Oúnjẹ ní Tegucigalpa láti gbọ́ pé Don Abelino, ọkọ yín àtàtà, ti dákẹ́. Àga rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò tíì sí ẹni tó láyà láti jókòó sí i.

Iṣẹ́ ẹ̀ka wa ni láti máa ṣírò, lọ́dọọdún, oúnjẹ tó wà nílẹ̀ Honduras, àti ìwọ̀n èròjà amúaradàgbà tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀: ti ẹ̀wà, ti ẹyin, ti àgbàdo, ti wàrà. Ìlà kan wà nínú ìṣirò náà fún kọfí. Ìlà kékeré ni, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Don Abelino nìkan ni kò jẹ́ kó sùn.

Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, Doña Nohemí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa, nítorí ojú rẹ̀ máa ń tàn bó bá ti dé ibẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà náà, ìjọba rán an lọ sórí òkè láti bi àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan ní ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó bá yín nídìí ààrò ìyá yín, irun yín tú sí èjìká, èéfín ń yí yín ká. Ó béèrè ohun tí àwọn ọmọdé mu láàárọ̀. Ẹ ní kọfí. Ó kọ kọfí sílẹ̀. Ẹ bá bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ará ìjọba yìí náà,” lẹ wí, “ohun tí a jẹ nìkan lẹ máa ń béèrè. Ẹ ò béèrè ohun tí a ò rí jẹ.”

Lẹ́yìn náà lẹ ṣí ìkòkò fún un. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tí àwọn àgbà mu kí wọ́n tó lọ sóko ni, èyí tí ẹ tún bu omi sí, tí ẹ tún gbé kaná fún àwọn ọmọ, bí gbogbo ilé tó wà lórí òkè ti ń ṣe. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà sídìí igi ọsàn. Don Abelino ní nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ sí òun níbẹ̀: ọkàn òun kúrò láyà òun, kò sì padà mọ́, òun sì rí àṣìṣe tó wà nínú ìṣirò ẹ̀ka wa. Ó ní òun kò mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì.

Àṣìṣe náà ni pé a máa ń ka gbogbo èròjà tó wà nínú kóró kọfí bí ẹni pé ó wọ inú èèyàn, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ni omi ń gbà nínú rẹ̀. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ìyókù ń wà. Èyí tó burú jù ni pé lọ́dún tí ọjà kọfí bá kú, tí àpò kò rí ẹni rà á lọ sókè òkun, ilé ló ń wà, àwa á kà á mọ́ ohun tí àwọn ará ilé jẹ, ìlà wa á sì máa gòkè. Ọdún tí ebi bá pa òkè jù ni ìwé wa ń sọ pé òkè yó.

A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń bá kọfí jà ló ń mu ún jù nínú wa. Á ní kọfí tí Nohemí bá yan kì í ṣe oúnjẹ, ìfẹ́ ni, kò sì sí ìlà tí a lè kọ ọ́ sí.

Nígbà tí ìlà náà tún gòkè lọ́dún tó kọjá, Ìgbìmọ̀ Oúnjẹ Ilé Ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n dá ẹ̀wà àti ẹyin dúró ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ orí òkè kọfí, pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń rí èròjà tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ilé ìdáná tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ wà lára wọn. Don Abelino lọ bá wọn. Alága wọn fi í ṣẹ̀fẹ̀ níwájú gbogbo wa.

“Abelino, o fẹ́ràn àríyànjiyàn ju kọfí lọ. Ìlà ń gòkè, kí lo tún ń wá?”

“Ọ̀gá, ìlà ló gòkè lóòótọ́,” ó dáhùn. “Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ló ń jẹ èyí tó fi gòkè. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo igi náà bó ti tutù yọ̀yọ̀, kí ẹ wá wo ọmọ tó jókòó sábẹ́ rẹ̀.”

Wọ́n ní kó lọ mú ẹ̀rí wá. Ohun tó gbé e gòkè nínú òjò nìyẹn, tó ń fi òṣùwọ̀n wọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láti ilé dé ilé, pẹ̀lú ikọ́ tó ti mú un. A gbọ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sinmi. A sì gbọ́ èsì tó fún yín: “Ìwọ lo ṣí ìkòkò fún mi, olólùfẹ́ mi. Jẹ́ kí n parí ohun tí mo rí nínú rẹ̀.” Òtútù àyà ni kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Ó dùn wá láti fi ọ̀rọ̀ yìí kún ẹkún yín, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí rédíò ló máa sọ ọ́ fún yín. Ìgbìmọ̀ náà jókòó lẹ́yìn ìsìnkú. Ọ̀gá àgbà wa ka ìwọ̀nba ẹ̀rí tí Don Abelino rí kó jọ sí wọn létí. Wọ́n dìde fún un, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n jókòó padà, wọ́n sì dìbò pé kí wọ́n má fi ẹ̀wà ránṣẹ́ mọ́.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni a ṣe. Láti ọdún yìí lọ, a ti yọ kọfí kúrò nínú àròpọ̀ èròjà amúaradàgbà ilẹ̀ wa. Yóò máa dá wà, àlàyé Don Abelino yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ gan-an. Àpapọ̀ wa ti wálẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn kan sì ń bínú. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹ̀ka wa yóò gòkè wá láti wọn ti àwọn ilé tí kò rí dé, kí a lè padà síwájú ìgbìmọ̀. A kò lè ṣèlérí pé wọn yóò gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá sílé nígbà tí a bá dé.

Kí Ọlọ́run, ẹni tó mú un lọ, dúró ti ẹ̀yin àti Yadira àti Osmín. Kí Ó nu omijé ojú yín nù. Ní àárọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, tí ẹ dáná, tí ẹ kò rí ohun tí ẹ ó dà sínú ìkòkò, kí Ó má jẹ́ kí ẹ rò láé pé lásán ni ọkọ yín rìn nínú òjò.

Keidy Maradiaga, akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ Ẹ̀ka Ìṣirò Oúnjẹ